Ìsinmi Lórí Òkè Ìdànrè

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò ìsinmi ìparí ọdún, Òkè Ìdànrè ń bẹ nítòsí Àkúrẹ́ o! Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lẹ máa gùn kí ẹ tó dé ìlú àtijọ́, níbi tí ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, ti ìgbà ìwáṣẹ̀ ṣì wà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù lójú tèmi, nítorí òjò a máa mú kí òkúta yọ̀. Ẹ tètè jí gùn ún kí oòrùn tó mú; ẹ gbé omi dání. Kí àwọn àgbà má kánjú rárá, ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ọmọ ìlú tó mọ̀nà dání, kí ẹ sì sanwó rẹ̀ dáadáa.