Ẹsẹ̀ Awakọ̀ àti Ìwọ̀n Agbára: Bí A Ṣe Ń De Pẹ́dà Bíréèkì àti Ti Kílọ́ọ̀ṣì Mọ́ Ọkọ̀ Eré Ìje

  Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ti máa bi ara wọn léèrè pé kí ni pẹ́dà ọkọ̀ ń wá ní gbọ̀ngàn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé ibikíbi tí ẹ̀mí ènìyàn bá rọ̀ mọ́, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ gbọdọ̀ dé ibẹ̀.

Ìfáárà

Bí a bá dárúkọ ọkọ̀ eré ìje, ẹ́ńjìnnì ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ sí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé ẹni tí kò lè dúró kò lè sáré. Awakọ̀ tí ó fọkàn tán bíréèkì rẹ̀ yóò sún mọ́ kọ́nà dáadáa kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ yóò ti dẹ eré kí ó tó débẹ̀.

Ìtàn jẹ́rìí sí èyí. Ní ọdún 1921, Jimmy Murphy, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ọkọ̀ Duesenberg gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Grand Prix ilẹ̀ Faransé tí a ṣe ní Le Mans. Nǹkan olómi inú páìpù ni ó ń gbé agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sí ìdí táyà, ní àkókò tí okùn wáyà àti ọ̀pá irin ṣì wọ́pọ̀ fún iṣẹ́ náà. Ní Le Mans kan náà, ní ọdún 1953, ọkọ̀ Jaguar C-Type tí ó ní bíréèkì onídísìkì ni ó borí nínú ìdíje oníwákàtí 24.

Ìwọ̀n Pẹ́dà

Pẹ́dà kò yàtọ̀ sí ọ̀pá tí àgbẹ̀ fi ń yí òkúta ńlá kúrò lójú ọ̀nà oko. Bí ọwọ́ bá ṣe jìnnà sí ibi tí ọ̀pá fi ìdí tì tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí a wọn pẹ́dà kan. Láti ojú ìyípo rẹ̀ dé àárín ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ jẹ́ mìlímítà 300. Láti ojú ìyípo yìí kan náà dé ibi tí ó ti ń ti ọ̀pá másítà sílíńdà jẹ́ mìlímítà 50. Bí a bá fi 50 pín 300, 6 ni a óò rí. Nítorí náà, bí awakọ̀ bá fi agbára tí ó tó ìwọ̀n ẹrù kílò 40 tẹ pẹ́dà, èyí tí ó tó ti kílò 240 ni yóò dé ìdí másítà. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀fẹ́ nínú ọ̀ràn yìí. Bí agbára ṣe di ìlọ́po mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn ọ̀pá di ìdá kan nínú mẹ́fà ìrìn ẹsẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìje ni kò ní ẹ̀rọ tí ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ bí èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ tí a ń gùn lójoojúmọ́. Ìdí nìyí tí ìwọ̀n 5 tàbí 6 fi wọ́pọ̀ nínú wọn.

Lẹ́yìn pẹ́dà ni ó kan másítà. Blaise Pascal, ọmọ Faransé tí ó gbé ayé láti 1623 sí 1662, ni ó ṣàlàyé pé bí a bá ti nǹkan olómi tí a sé mọ́ inú ohun kan, ìfúnpá náà yóò tàn ká gbogbo inú rẹ̀ ní ọgbọọgba. Bí ẹnu másítà bá kéré, ìfúnpá yóò pọ̀. Ẹ mú másítà méjì, kí ẹnu ọ̀kan fẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì, kí ti èkejì sì jẹ́ ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ. Ojú kì í tètè rí ìyàtọ̀ wọn. Síbẹ̀, bí a bá fi èyí tí ó kéré rọ́pò èyí tí ó tóbi, ìfúnpá yóò fi nǹkan bí ìdá 44 nínú 100 lé sí i, pẹ́dà yóò sì máa rìn jìnnà sí i bákan náà.

Dídè Pẹ́dà Mọ́ Ara Ọkọ̀

Kí a tó lu ihò kan ṣoṣo, awakọ̀ gan-an ni kí ó jókòó sórí àga rẹ̀, kí ó wọ bàtà tí yóò fi sáré, kí a sì so bẹ́líìtì mọ́ ọn. Orúnkún rẹ̀ gbọdọ̀ ṣì ká díẹ̀ nígbà tí ó bá tẹ bíréèkì dé òpin. Bí ẹsẹ̀ bá nà tán kí pẹ́dà tó ṣiṣẹ́, gbogbo ìṣirò wa ti di òfo.

Ibi tí a óò de pẹ́dà mọ́ kò gbọdọ̀ rọ̀. Bí irin ibẹ̀ bá fẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ yóò máa tẹ irin dípò kí ó máa ti epo, awakọ̀ yóò sì rò pé afẹ́fẹ́ ni ó wà nínú páìpù. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le: kí ẹnì kan fi gbogbo agbára tẹ bíréèkì, kí ẹlòmíràn fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ìdí rẹ̀. Bí ìdí náà bá mì, kí a fi irin tí ó nípọn kún un.

Ọ̀pá tí ń ti másítà gbọdọ̀ ní àlàfo díẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí pẹ́dà. Bí ọ̀pá yìí bá gùn jù, píṣítìnnì kò ní padà sí àyè rẹ̀ tán, ihò kékeré tí epo ń gbà padà yóò sì wà ní dídí. Bí ooru bá mú epo wú, kò ní rí ibi lọ. Bíréèkì yóò máa mú ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́, títí yóò fi gbóná kọjá ààlà.

Ọ̀pá Ìpín-agbára

Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìdí nìyí tí òfin ìdíje Formula 1 fi pàṣẹ pé kí pẹ́dà bíréèkì kan máa darí ọ̀nà epo méjì tí ó dá dúró, ọ̀kan fún táyà iwájú, èkejì fún ti ẹ̀yìn. Másítà méjì ni ó sábà máa ń wà, a sì fi ọ̀pá kan gba inú pẹ́dà láti pín agbára fún wọn. Ibi tí pẹ́dà ti ń ti ọ̀pá yìí ni ó ń sọ ìpín olúkúlùkù. Bí ọ̀pá bá gùn ní mìlímítà 60 láàárín másítà méjèèjì, tí ibi ìtì sì wà ní mìlímítà 24 sí ti iwájú àti 36 sí ti ẹ̀yìn, iwájú yóò gba 60 nínú 100, ẹ̀yìn yóò sì gba 40.

Kí ni a ṣe ń fún iwájú ní púpọ̀? Bí ọkọ̀ bá ń dúró lójijì, ìwúwo rẹ̀ ń rọ́ síwájú. Bí táyà ẹ̀yìn bá kọ́kọ́ há, ìdí ọkọ̀ yóò fẹ́ ṣáájú orí, ọkọ̀ yóò sì yípo. Bí ti iwájú bá kọ́kọ́ há, ọkọ̀ kò ní gba ìdarí, ṣùgbọ́n yóò máa lọ tààrà. Èyí ni a yàn nínú ibi méjèèjì. Nígbà òjò, ilẹ̀ a máa yọ̀, ọkọ̀ kì í lè dúró kíákíá, ìwúwo tí ń rọ́ síwájú a sì dín kù. Awakọ̀ a wá dá ìpín díẹ̀ padà fún ẹ̀yìn.

Ìgbà tí a bá tẹ bíréèkì gidigidi ni ọ̀pá náà gbọdọ̀ dọ́gba sí pẹ́dà. Ìgbà tí ẹsẹ̀ kò sí níbẹ̀ kọ́ ni kí a wò ó. Kí a sì fi àlàfo sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Bí epo ọ̀nà kan bá ṣòfò, ọ̀pá yóò dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì gbọdọ̀ ṣì lè ti èkejì. Bí ó bá há, a ti sọ ọ̀nà méjì di ọ̀kan láìmọ̀.

Kílọ́ọ̀ṣì

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Kílọ́ọ̀ṣì ni òwe yìí bá mu jù. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ kọjá ibi tí ó yẹ, sípíríǹgì rẹ̀ lè tẹ̀ tàbí kí ó sán. Nítorí náà, irin ìdènà gbọdọ̀ wà níwájú pẹ́dà rẹ̀. Láti mọ ibi tí a óò fi ìdènà sí, a óò pa ẹ́ńjìnnì, a óò fi jáàkì gbé táyà tí ń wa ọkọ̀ sókè, a óò sì ki jíà bọ̀ ọ́. Ẹnì kan yóò máa rọra tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹlòmíràn yóò máa gbìyànjú láti fi ọwọ́ yí táyà. Níbi tí táyà ti yí wẹ́rẹ́, kí a fi díẹ̀ lé e, kí a sì de ìdènà síbẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ mẹ́káníìkì ni ó mọ bí a ti ń ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí nítorí pé wọ́n rí ọ̀gá wọn tí ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ bí a ti ń ṣe é, tí kò mọ ìdí rẹ̀, kò ní mọ ohun tí yóò ṣe nígbà tí ọkọ̀ bá yí ìwà padà. A kò gbọdọ̀ sọ pé èdè wa kò lè gbé irú ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ ti gbọ́ ọ lálẹ́ òní: ọ̀pá àgbẹ̀, ìpín, àlàfo, ọ̀nà méjì. Ohun tí ó kù ni kí a kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Nígbà tí awakọ̀ bá dé kọ́nà, kò sí àyè fún mẹ́káníìkì láti tún ohunkóhun ṣe mọ́. Ohun tí ó ti fi ọwọ́ àti òye rẹ̀ ṣe sílẹ̀ ni yóò dáhùn nígbà tí ẹsẹ̀ bá pè é.