Ọ̀rọ̀ Ọ̀sẹ̀ Yìí: Àìsàn inú ọmọ mi kì í ṣe táífọ́dì

Ohùn mẹ́ta ni ìyá aláṣọ ọmọdé ní Ugbolokposo fi ránṣẹ́. A kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, nítorí àwọn tí dátà wọn ò gbé ohùn àti àwọn tí ariwo ọjà ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

OHÙN KÌN-ÍN-NÍ

Ìyá wa alága ló ní kí n sọ̀rọ̀, mo sì ti ń sá fún un láti bí oṣù mélòó kan. Nígbà tí mo ní ara ọmọ mi ò yá, ẹ dáwó fún mi, kò sẹ́ni tó bi mí pé àìsàn wo ni. Èmi náà ò sọ. Ó padà ta sí mi létí pé àwọn kan ní ilé ọkọ mi ló ń bá mi jà, àwọn kan ní ọmọ náà ti kó nǹkan burúkú níta. Mi ò bínú. Ẹni tí ò bá sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, aráyé á bá a sọ ọ́.

Lálẹ́ àná mo bi ọmọ náà fúnra rẹ̀ bóyá kí n sọ ọ́. Ó ti di ọmọ ọdún 15, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni. Ó ní, "Mummy, ẹ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ mi, ẹ má sì dárúkọ ilé ìwé mi." Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tó ti bẹ̀rẹ̀. Inú ló kọ́kọ́ ń run ún, lápá ọ̀tún nísàlẹ̀ ìdodo. Kò ní pẹ́ tó jẹun tán tó fi máa sáré lọ yàgbẹ́, ìgbẹ́ gbuuru. Mo ní ìjẹkújẹ ilé ìwé ni. Mo mú un lọ sí kẹ́mísì tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní táífọ́dì ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní Warri níbí, ṣàṣà lẹni tó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tí wọn ò ní bá táífọ́dì lára rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún, Flagyl, ó dáwọ́ dúró. Mo dúpẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní táífọ́dì ti padà. Bí a ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn. Ìgbà mẹ́fà la tọ́jú táífọ́dì láàárín ọdún kan àbọ̀. Ìyá mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ di àgbo jẹ̀díjẹ̀dí sínú ike méjì, ó fi rán dírẹ́bà sí mi, ó ní ṣúgà ni mo fi ba inú ọmọ jẹ́. Mo gba ṣúgà lẹ́nu rẹ̀. Mo gba ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mo gba gàrí, mo gba ẹ̀wà. Ọmọ ń rù.

Ohun tó tàn wá jẹ ni pé àìsàn yẹn ń lọ, ó ń bọ̀. Tó bá sinmi fúnra rẹ̀, oògùn tí a lò kẹ́yìn ló máa gba ọpẹ́.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń dùn mí jù. Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Òkìrìkà aṣọ ọmọdé ni mo ń tà, ó ti di ọdún kẹtàdínlógún. Tí obìnrin bá fa ọmọ lọ́wọ́ kọjá níwájú mi, mi ò nílò téèpù, ojú ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Màá sọ fún un pé, "Mummy, ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló máa bá a mu," á sì bá a mu. Ṣòkòtò ilé ìwé tí mo fún ọmọ mi nígbà tó wọ JSS1, òun náà ló fi parí JSS2, òun náà ló tún wọ̀ lọ sí JSS3. Kò kúrú, kò fún un. Mo tiẹ̀ ń fi í yangàn fún àwọn oníbàárà pé ọmọ mi mọ aṣọ lò. Àbúrò tó tẹ̀ lé e, ọdún méjì ló wà láàárín wọn, àbúrò yìí ti ga jù ú lọ. Àwọn èèyàn á wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa pe àbúrò ní ẹ̀gbọ́n. A máa ń rẹ́rìn-ín. Òun náà máa ń bá wa rẹ́rìn-ín.

OHÙN KEJÌ

Ẹ má bínú, oníbàárà ló dé.

Ilé tí à ń gbé, yàrá mẹ́jọ ni, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì. Ọmọkùnrin tó ń bàlágà, ẹ mọ bójú ṣe máa ń tì wọ́n. Ó ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń yàgbẹ́ lóru, aago méjì, aago mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́. Kì í jẹun láàárọ̀, kó má bàa di pé ó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ tíṣà. Ẹ̀jẹ̀ ń wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Á da omi sí i títí á fi mọ́.

Aládùúgbò wa kan, obìnrin Urhobo, ló pè mí sẹ́yìn ilé. Ó ní, "Mama, no vex o. Your pikin dey purge every night. I see blood for there." Inú bí mi. Mo bi í pé ṣé òun ni ọlọ́dẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, mi ò kí i. Lóru ọjọ́ karùn-ún, mo jí ní aago mẹ́ta, mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọ jáde wá, iná fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tan iná yẹn, ó rí mi. Ohun tó sọ ni pé, "Mummy, ẹ má bínú." Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, òun ló tún ń bẹ̀ mí.

Mo ti kúnlẹ̀ bẹ obìnrin yẹn. Ó ní kò sí wàhálà. Ìgbà tí a wà lọ́sibítù, òun ló ń wo àwọn ọmọ tó kù fún mi.

Ọsibítù tí a kọ́kọ́ lọ ní ẹ̀jẹ̀ ò tó lára rẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n ní ká máa lọ. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, wọ́n yẹ genotype rẹ̀ wò, AA ni. Mo tún padà sí kẹ́mísì, wọ́n fún un ní diclofenac nítorí orúnkún. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ di ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé diclofenac, ibuprofen àti àwọn mọ̀lẹ́bí wọn lè ru irú ìfun bẹ́ẹ̀ sókè.

Dókítà obìnrin kan, ọ̀dọ́mọdé ni, òun ló ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe. Kò kọ́kọ́ mú abẹ́rẹ́. Ó ní kí ọmọ bọ́ bàtà, kó fẹ̀yìn ti ògiri, ó wọn gíga rẹ̀, ó wọn bó ṣe wúwo tó. Ó bi mí pé nígbà wo ló ga kẹ́yìn. Ẹnu mi wọhò. Èmi tí mò ń fi ojú wọn ọmọ ọlọ́mọ! Ó ní kó la ẹnu, egbò wà nínú ẹnu rẹ̀. Ó ní kí n jáde díẹ̀, ó bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan, ibẹ̀ ni ọmọ ti sọ nípa ẹ̀jẹ̀ òru àti ti ìrora ìdí. Nígbà tí mo padà wọlé, ó bi mí pé, "Mama, ìgbà wo lẹ wo ìdí rẹ̀ kẹ́yìn?" Mo ní láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n wẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹran kékeré kan ti yọ létí ihò ìdí, ibẹ̀ sì ti là. Dókítà kọ lẹ́tà, ó ní ká lọ sí ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn, ká má ṣe tún yà síbòmíì. Títì Sapele tó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi náà ló gbé wa lọ.

Níbẹ̀, ikọ́ ìfe ni wọ́n kọ́kọ́ wá, ìyẹn TB. Mo ní ọmọ ò wúkọ́. Wọ́n ní TB lè wọ ìfun láìjẹ́ pé èèyàn wúkọ́, ó sì jọ àìsàn tí wọ́n ń fura sí gan-an. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé oògùn àìsàn kejì yẹn máa ń rẹ ọmọ ogun ara sílẹ̀. Tó bá jẹ́ TB ló wà níbẹ̀ tí wọ́n lọ fún un, TB máa gbilẹ̀ ni. Wọ́n wá kòkòrò nínú ìgbẹ́, wọ́n wá amíbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún un lóògùn tó fọ inú rẹ̀ mọ́ láti alẹ́ di àárọ̀. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tó fi sùn, wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí gba ìdí wo ìfun rẹ̀, wọ́n gé ẹran bíńtín-bíńtín lọ yẹ̀ wò. Kò mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Omi tó mu lálẹ́ yẹn ló ń ráhùn nípa rẹ̀ títí dòní.

OHÙN KẸTA

Ó dáa. Orúkọ rẹ̀ ni Crohn's. Orúkọ dókítà kan ní New York ni, Burrill Crohn, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ló kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1932. Ó ní ìbejì kan tí wọ́n ń pè ní ulcerative colitis. Ìfun ńlá nìkan ni ìyẹn ń jẹ, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdí lọ sókè. Crohn's lè jẹ ibikíbi láti ẹnu dé ìdí. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń pè ní IBD. Bí dókítà ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ó ní ara ní ọmọ ogun tó ń bá kòkòrò jà, ọmọ ogun yìí ló kọjú ìjà sí ìfun. Mo ní ó ti yé mi: ọlọ́dẹ ọjà tó yẹ kó máa ṣọ́ olè, òun ló wá ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwa tí à ń sanwó fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Kì í ràn. Ṣúgà kọ́ ló fà á, èmi kọ́, ìyá ọkọ mi kọ́. Ó máa ń rìn nínú ẹbí nígbà míì, ṣùgbọ́n nínú ẹbí tiwa a ò rí i. Mo ní ṣé kì í ṣe àìsàn òyìnbó ni? Ó ní bí wọ́n ṣe máa ń pè é nìyẹn tẹ́lẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi ń wá a lára ọmọ wa. Lọ́dún 2012, àwọn dókítà láti ọsibítù ńlá mẹ́ta ní gúúsù Nàìjíríà kọ àwọn tí wọ́n rí sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn. Ó ní nínú èèyàn mẹ́rin tó ní i, bí ẹnì kan ló jẹ́ pé kó tó pé ogún ọdún ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Àgbàlagbà tó bá ní i, ara rẹ̀ ló máa rù. Ọmọdé, gíga rẹ̀ náà máa dúró, ìbàlágà rẹ̀ á pẹ́. Ìgbà tí ọmọ ń ga ní òpin, eegun máa tì. Tí ìfun bá ń wú títí ìgbà yẹn fi kọjá, kò sí oògùn tó máa dá gíga yẹn padà. Tiwa ò tíì kọjá.

Oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ fún un ni prednisolone. Ojú rẹ̀ wú bí búrẹ́dì, ó ń jẹun bí ẹni mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ dáwọ́ dúró. Oògùn yẹn, èèyàn ò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù. Wọn ò sì fẹ́ kó pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí òun náà máa ń dí gíga lọ́wọ́ tó bá pẹ́. Àwọn ọmọ ní ìlú òyìnbó, wàrà kan tí wọ́n ṣe fún aláìsàn ni wọ́n sábà máa ń fún wọn mu fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ láìjẹ oúnjẹ kankan, ìfun á sì sinmi. Mo béèrè iye tí agolo rẹ̀ jẹ́, mo dákẹ́. Abẹ́rẹ́ olówó ńlá wà tó ń jẹ́ infliximab, a ò tíì dé ibẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká dé ibẹ̀. Azathioprine ló ń lò báyìí. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò déédéé nítorí rẹ̀, tí ara rẹ̀ bá sì gbóná, mi ò gbọ́dọ̀ ya kẹ́mísì, ọsibítù tààrà ni. Kò tíì sí oògùn tó ń lé e lọ pátápátá. Kó sinmi ni à ń wá.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ máa bi mí, mo mọ̀ yín. Nígbà tí inú bá ń bínú, kò jẹ ata púpọ̀, kò jẹ èèpo ẹ̀wà. Tí inú bá rọ̀, ó ń jẹ ohun tí gbogbo ilé ń jẹ, àti banga àti starch. Ebi tí mo fi pa á lọ́dún kan àbọ̀ yẹn ò ṣe é ní àǹfààní kankan.

Ẹ má gbé oògùn ọmọ mi lọ fún ọmọ yín o. Ìgbẹ́ gbuuru tó pọ̀ jù nílẹ̀ wa, kòkòrò ló ń fà á, ó sì ń lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tàbí tó ń lọ tó ń bọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, tí ọmọ ń rù tàbí tí aṣọ rẹ̀ ò kúrú, ẹ má tọ́jú táífọ́dì kejì. DELSUTH ní Oghara ló sún mọ́ àwa tí a wà níbí, UBTH wà ní Benin, UCH wà ní Ìbàdàn fún àwọn tó bá fẹ́ wà nítòsí ilé. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá dókítà tó ń wo ìfun ọmọdé wà níkàlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ tó wọkọ̀. Ẹ sì mú gbogbo ìwé àyẹ̀wò tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́. Tèmi kún àpò ráìsì kan.

Ní ti ilé ìwé, mo mú lẹ́tà dókítà lọ bá ọ̀gá wọn. Wọ́n ti fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn tíṣà, kò tún ń tọrọ àyè mọ́, ó kàn máa dìde ni. Ó ń jẹun láàárọ̀. Sáà tó kọjá, mo tú etí ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kò sí ohun tó kù láti tú mọ́, mo ní láti fa òmíràn yọ nínú bélì. Mo jókòó ti bélì náà, mo sunkún, oníbàárà kan rò pé wọ́n ti jà mí lólè.

Owó tí ẹ dá, ìwé bí mo ṣe ná an wà lọ́wọ́ akápò, ẹni tó bá fẹ́ lè wò ó. Àjọ tí mo dá dúró, ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni mo máa bẹ̀rẹ̀ padà. Tí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ kọ ọ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí, ọmọ náà máa ń ka fóònù mi.