Téṣàn Rélùwéè Òṣogbo: Ta Ni Yóò Jẹ Èrè Rẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Èjìgbò)

 

Ẹlòmíràn yóò ní kí ló kan ará Èjìgbò nínú ọ̀rọ̀ téṣàn rélùwéè, nígbà tí ojú irin kò gba ìlú wa kọjá. Ó kàn wá gan-an. Ní 1901 ni wọ́n ṣí ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Ní 1907 ó gba Ẹdẹ dé Òṣogbo. Kòkó àti èkùrọ́ agbègbè yìí ló ń wá a lọ. Ibi tí téṣàn bá wà ni ilé ìtajà ń tò sí, ibẹ̀ ni aláàárù, olóúnjẹ àti awakọ̀ ti ń rí ti ọ̀sán rí ti alẹ́. Ẹ̀yin tó ti gbé Abidjan, ẹ rí bẹ́ẹ̀ náà lójú irin tó lọ sí Ouagadougou.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí a tún téṣàn àtijọ́ wa ṣe, kí ó lè wúlò fún ará ìlú àti fún òwò. Kì í ṣe àlá. Ní Ebute Metta, ilé kan wà nínú ọgbà rélùwéè tí wọ́n kọ́ ní 1898, Jaekel House. Ẹgbẹ́ Legacy bá ilé-iṣẹ́ Rélùwéè ṣe àdéhùn, wọ́n sì tún un ṣe. Lónìí, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè ni, àwọn èèyàn sì ń ṣe ìyàwó níbẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, téṣàn St Pancras, tí wọ́n ṣí ní 1868, ni àwọn kan fẹ́ wó ní nǹkan bí ọdún 1966. Àwọn ará ìlú kọ̀ jálẹ̀. Láti 2007 ni ọkọ̀ Paris ti ń gbéra níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù sì kún inú rẹ̀. Ní Dakar, wọ́n tún téṣàn àtijọ́ ṣe fún ọkọ̀ ojú irin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oṣù Kejìlá 2021.

Ti Dakar ló wù mí jù. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé dára, ṣùgbọ́n àwòrán kì í ra ẹ̀kọ. Bí ọkọ̀ kò bá wá sí téṣàn, ta ni yóò ra ọjà olóúnjẹ? Ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021 parí sí Mọ́níyà, Ìbàdàn. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Nítorí náà, kí a má ṣe béèrè ọ̀dà àti páánù nìkan. Kí a béèrè ọkọ̀ tó ní àkókò, kí bọ́ọ̀sì Èjìgbò àti ti Ẹdẹ sì máa dúró dè é.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún wa pé ti Àbújá nìkan ni. Ilé-iṣẹ́ Rélùwéè ló ni téṣàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti 2023 ni àtúnṣe òfin ilẹ̀ wa ti fún ìpínlẹ̀ láṣẹ láti ṣe rélùwéè. Ìjọba Òṣogbo náà ní ẹnu nínú rẹ̀.

Wàyí o, ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Bí kọngílá bá dé, ṣé yóò lé àwọn tó ń tajà níbẹ̀ kúrò, kó wá gbé ṣọ́ọ̀bù fún olówó? Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé àwọn tó wà níbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀bù, ní owó tí agbára wọn ká. Kí káfíńtà, bíríkìlà àti wẹ́dà wa rí iṣẹ́ níbẹ̀, kí àwọn ọmọ wa sì kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kí yàrá kan sì wà fún ìtàn òṣìṣẹ́: àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, pẹ̀lú Michael Imoudu, wà níwájú nínú ìyanṣẹ́lódì gbogbogbò ti 1945. Bí a kò bá béèrè, àwòrán àwọn ọ̀gá òyìnbó nìkan ni wọn yóò gbé kọ́ síbẹ̀.

Akọ̀wé wa yóò kọ lẹ́tà méjì, ọ̀kan sí ilé-iṣẹ́ Rélùwéè, ọ̀kan sí ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá ní fọ́tò téṣàn nígbà àtijọ́ tàbí káàdì iṣẹ́ bàbá rẹ̀, kó mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀.