Táyà Kan, Ọ̀nà Méjì

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń ta táyà bá wa sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́, ní Òkè Bọ́lá, Ìbàdàn)

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí táyà, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ wá polówó ọjà ni. Rárá o. Mi ò gbé táyà kankan wá síbí. Gbèsè ọ̀rọ̀ tí mo ti jẹ yín láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni mo wá san.

Ẹ ó rántí ọdún kẹrin ẹgbẹ́ wa. À ń lọ sí Èkó, níbi ìsìnkú ìyá ọ̀kan nínú wa. Àwa márùn-ún la wà nínú ọkọ̀ mi, aṣọ ẹbí wa ń dán. A ti kọjá Ògèrè, a ò tíì dé Ṣágámù, ni táyà ẹ̀yìn bẹ́. Ọkọ̀ náà pòòyì, ó sì fẹ̀yìn gbá irin ẹ̀gbẹ́ títì. Ọlọ́run ṣàánú wa, ẹnikẹ́ni ò kú. Ṣùgbọ́n apá ọ̀rẹ́ wa kan ṣẹ́. Ó jókòó sáàárín wa níbí, títí di òní, kò lè gbé apá náà kọjá èjìká. Kò fi ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lára rí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Èmi tí mo ń ta táyà ni táyà bẹ́ mọ́ lọ́wọ́! Tòkunbọ̀ ni mo fi sí ọkọ̀ ara mi, nítorí ó ṣe mí bí ẹni pé òfò ni kí n mú tuntun nínú ọjà tí mo fi ń jẹun. Ojú táyà náà ṣì nípọn. Odidi ọdún méjì ni mo fi ń wà á lọ sí Bẹẹrẹ, Mápó, Ọjà'ba àti Bẹyẹrunkà, kò jò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ tó bẹ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni 1108. Ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n ṣe é.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: ìgboro a máa bo àṣírí táyà, márosẹ̀ ló ń tú u. Ọ̀nà tó le jù nínú àwọn ọ̀nà tí ẹ ń gbà ni kí ẹ fi yan táyà, kì í ṣe èyí tí ẹ ń gbà lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú ìgboro Ìbàdàn, kòtò, òkúta, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ìṣòro táyà. Ẹ ó rìn díẹ̀, ẹ ó dúró. Bó bá gbóná, á tún tutù. Ṣùgbọ́n òpópónà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1978, lé ní 120 kìlómítà. Eré àsápajúdé ni níbẹ̀, nínú oòrùn, pẹ̀lú ẹrù àti èrò. Bí atẹ́gùn inú táyà bá kéré, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa tẹ̀, á máa nà, títí yóò fi gbóná. Bí rọ́bà bá sì ti gbó, kò ní lè di wáyà inú rẹ̀ mú mọ́. Ojú táyà á bó kúrò bí èèpo ọsàn. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, Firestone kó táyà mílíọ̀nù 6.5 kúrò lójú pópó ní Amẹ́ríkà, nítorí ojú wọn ń bó lórí eré, pàápàá nínú ooru.

Àwọn ọmọ wa tó fẹ́ràn mọ́tò eré ìje máa ń wá bá mi pé kí n bá àwọn wá táyà irú èyí tí wọ́n ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní Jámánì, pápá eré mọ́tò kan wà tó ń jẹ́ Nürburgring. Bí ènìyàn bá sanwó, ó lè wa mọ́tò ara rẹ̀ wọ ibẹ̀, kó sì tún wà á lọ sí ilé. Àwọn náà ń ronú ohun tí à ń rò: táyà wo ló lè ṣe ọ̀nà méjèèjì? Táyà eré ìje rọ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ gbígbẹ, ṣùgbọ́n kíá ló ń jẹ tán. Ìlà ojú rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà bí òjò bá rọ̀, omi kò ríbi gbà, á sì gbé mọ́tò léfòó. Ẹ fi ìyẹn sójú òjò oṣù keje tiwa! Èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tún wà, ó lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kòtò kan péré ló máa fi tẹ ríìmù yín. Àwa ò ní pápá eré ìje ní Ìbàdàn. Márosẹ̀ ni tiwa, kò sì yẹ ká sọ ọ́ di pápá eré ìje.

Kí la ó wá máa wò? Ẹ mú Camry tí a ń pè ní Big Daddy. Ẹ ó rí i lára táyà rẹ̀: 205/65R15 94H. 205 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 65 ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ yẹn. 15 ni ríìmù. 94 ń sọ pé táyà kan lè gbé 670 kílò. H ń sọ pé ó lè fara da eré 210 kìlómítà ní wákàtí kan. T jẹ́ 190, S jẹ́ 180. Ẹnì kan á ní òfin ò gbà ju 100 lọ fún mọ́tò aládàáni lórí márosẹ̀, kí ni a fẹ́ fi 210 ṣe? A ò ní sáré débẹ̀. Agbára láti fara da ooru la fi ń rà á. Ẹ má ṣe mú nọ́ńbà ẹrù tàbí lẹ́tà eré tó kéré sí èyí tí àwọn tó ṣe mọ́tò yín kọ sára ilẹ̀kùn awakọ̀. Bó bá sì jẹ́ bọ́ọ̀sì Hiace la háyà fún òde, ẹ wo lẹ́tà C lẹ́yìn nọ́ńbà ríìmù. Òun ló ń fi hàn pé táyà akẹ́rù ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ni ọjọ́ orí táyà: méjì fún ọ̀sẹ̀, méjì fún ọdún. Bó bá ti pé ọdún márùn-ún tí ẹ ti ń lò ó, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Ní tèmi, mi ò tún ní fi táyà tó ti kọjá ọdún mẹ́fà gbé èrò lọ sí Èkó, bó ti wù kí ojú rẹ̀ nípọn tó.

Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007. Dunlop náà dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni táyà wa ti ń wá. Àwọn kan ń ki táyà kan bọ inú èkejì kí ó lè pọ̀ nínú kọ̀ǹténà, àjọ SON sì ti kìlọ̀ lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí wáyà inú rẹ̀ á ti bàjẹ́ kó tó dé ọjà. Bí ẹ bá rí táyà tuntun tí ẹnu rẹ̀ rún tàbí tó ṣẹ́ po, ẹ fi í sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ méjì lowó yín ká, ẹ̀yìn ni kí ẹ fi tuntun sí. Mo mọ̀ pé iwájú ni ọ̀pọ̀ fọkanáísà máa ń fi í sí. Ṣùgbọ́n bí iwájú bá yọ̀, ẹ ṣì lè dẹwọ́ eré, kí ẹ sì darí ọkọ̀. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ṣe ni ọkọ̀ máa ń pòòyì, bí tèmi ti ṣe. Ẹ fẹ́ táyà ní òwúrọ̀ nígbà tó ṣì tutù, kí ẹ lo iye tó wà lára ilẹ̀kùn. Bó bá gbóná lọ́nà, ẹ má ṣe tú atẹ́gùn rẹ̀ dànù. Bí táyà bá sì bẹ́, ẹ di ìtọ́kọ̀ mú ṣinṣin, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì, ẹ dẹsẹ̀ lórí iná, kí ọkọ̀ rọra dúró fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ tèmi, bíréèkì ni mo kọ́kọ́ tẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ọdọọdún là ń dá owó aṣọ ẹbí, a kì í ṣaláìrí i. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ àjọ táyà, kí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rin máa kó o lóṣooṣù. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra ibòmíràn, kó rà á níbòmíràn. Èkejì: kí a yan ẹni kan tí yóò máa wo táyà gbogbo ọkọ̀ kí a tó kúrò ní Òkè Bọ́lá lọ sí òde kankan. Ọkọ̀ tí kò bá yege, kó dúró sílé, kí ẹni tó ni ín bọ́ sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn. Kì í ṣe ìtìjú.

Ní àṣálẹ́ yìí, kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ tan iná fóònù yín, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin yẹn. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ tí apá rẹ ṣẹ́, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ tipẹ́.

A ò ní fi ẹsẹ̀ àná rin ìrìn ikú. Ọdún mẹ́wàá mìíràn, gbogbo wa ni a ó pé jọ.