Ẹran Tí Ó Kú Lójijì: Ẹ Má Ṣe Fi Ọ̀bẹ Kàn Án

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá jẹ mọ́ àrùn tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè ní áńtíráàsì. Màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ ni ó sábà máa ń pa, ṣùgbọ́n ó ń pa ènìyàn pẹ̀lú.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àrùn yìí bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá orílẹ̀-èdè Gánà. Ó pa ẹran, ó sì pa ènìyàn. Ní oṣù keje, a rí i ní oko ẹran kan ní Sùléjà, nítòsí Àbújá. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú, ojú àti etí àwọn ẹran náà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ màlúù tí a ń pa ní ọjà wa, Òkè Ọya ni wọ́n ti ń wá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé Sùléjà jìnnà sí òun.

Bí a kò bá la òkú ẹran náà, jíjẹrà rẹ̀ a máa pa púpọ̀ nínú kòkòrò àrùn tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá ti là á, tí afẹ́fẹ́ kan ẹ̀jẹ̀, kòkòrò náà a di bí irúgbìn tí ó ní èèpo líle, a sì wà nínú ilẹ̀ títí ẹran mìíràn yóò fi wá jẹko níbẹ̀. Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Ní ọdún 1942, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dán kòkòrò yìí wò lára àgùntàn ní Gruinard, erékùṣù kékeré kan ní Skọ́tílándì. Ọdún 1990 ni a tó kéde pé ibẹ̀ kò léwu mọ́, lẹ́yìn tí a ti fi oògùn wẹ ilẹ̀ náà. Ọdún 48 gbáko!

Mo mọ ohun tí ó wà lọ́kàn yín. Owó ńlá ni màlúù. Bí ó bá ṣubú lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni alápatà kan yóò ti dé, tí yóò ní òun yóò rà á ní owó pọ́ọ́kú. Ẹlòmíràn a ní kí a sè é dáadáa, kí a fi awọ rẹ̀ ṣe pọ̀nmọ́. Sísè lásán kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tí ó bó awọ náà, tí ó kun ẹran náà, sì lè ti kó àrùn kí ìkòkò tó dé orí iná.

Lára ènìyàn, a máa bẹ̀rẹ̀ bí ibi tí kòkòrò ta, a yún, a lé ròrò, lẹ́yìn náà a di egbò tí èèpá dúdú bò. Kì í sábà dunni, ìdí nìyí tí a fi ń fojú kéré rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ ẹran náà lè máa bì, kí ó sì máa ya ẹ̀jẹ̀. Kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì sọ ohun tí ó jẹ. Oògùn wà fún un, penisílínì sì wà lára wọn.

Bí ẹran yín bá kú lójijì, tí ikùn rẹ̀ wú kíákíá, tí ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kò dì ń jáde, ẹ má là á, ẹ má sì wọ́ ọ gba àárín abúlé. Ẹ lé ajá àti igún jìnnà sí i, kí ẹ ránṣẹ́ sí dókítà ẹran ti ìjọba. Òun ni yóò sọ bí a ó ṣe sun ún tàbí sin ín ní odindi. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún àwọn tí ó ṣẹ́kù. Ilé ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom ni ó ń ṣe é, ọdọọdún ni a sì ń gún un. Bí ẹ bá ti fún ẹran ní oògùn apakòkòrò láìpẹ́, ẹ sọ fún dókítà náà kí ó tó gún un, nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè sọ abẹ́rẹ́ náà di asán.