Díákónì Tí Ó Padà Sídìí Ìbọn

 

Fíìmù kan ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ó kan àlùfáà nínú fíìmù oníbọn. Ó kàn wá púpọ̀. Láti ọdún 1936 ni Póòpù Pius Kọkànlá ti kọ̀wé sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù lórí ọ̀rọ̀ sinimá. Ní ti àwa tí a wà ní àyíká Jos, ìlú wa ni ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ti ìjọba àpapọ̀ wà. A kì í ṣe ọ̀mọ̀wé nínú iṣẹ́ náà. Bí gbogbo ènìyàn ṣe ń wòran ni àwa náà ṣe wò ó.

The Black Book ni orúkọ fíìmù náà. Editi Effiong ni ó darí rẹ̀, ó sì jáde lórí Netflix ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023. Paul Edima, tí Richard Mofe-Damijo ṣe, jẹ́ díákónì nínú ìjọ rẹ̀, oníwà jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó di díákónì, agbanipa ni: àwọn alágbára a rán an níṣẹ́ ikú, òun a sì jẹ́ ẹ. Nígbà tí ó yá, àwọn ọlọ́pàá burúkú kan pa Dámilọ́lá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n sì purọ́ mọ́ òkú pé ajínigbé ni. Bàbá wá ìdájọ́, kò rí i. Ni ó bá padà sídìí ìbọn, òun àti obìnrin akọ̀ròyìn kan.

Fíìmù náà dùn ún wò. Òṣèré tí ó ti lé ní ẹni 60 ọdún ni ó gbé e dání láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìbànújẹ́ rẹ̀ sì hàn lójú ju bí ó ti jáde lẹ́nu lọ. Kò sì yà wá lẹ́nu pé àwọn òǹwòran ń pàtẹ́wọ́ nígbàkígbà tí ọ̀tá rẹ̀ kan bá ṣubú. Ohun tí wọ́n ń wò kò jìnnà sí wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ wa tú sí ìgboro nítorí ìwà àwọn ọlọ́pàá SARS, títí ìjọba fi tú ẹ̀ka náà ká ní ọjọ́ 11 oṣù náà.

Ọ̀rọ̀ àwọn agbanipa pẹ́ ju ìyẹn lọ nílẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1986, bọ́ǹbù tí a dì bí ìwé pa Dele Giwa akọ̀ròyìn nínú ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996, a yìnbọn pa Kudirat Abiola ní Èkó. Sójà kan jẹ́wọ́ ní ilé-ẹjọ́ pé òun ni òun yìn ín, pé a rán òun ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2013, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dá àwọn tí a fẹ̀sùn rírán náà kàn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 2001, a pa Olóyè Bola Ige nínú ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn. Òun ni mínísítà ètò ìdájọ́ nígbà náà, síbẹ̀ ìdájọ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àtẹ́wọ́ àwọn òǹwòran, igbe ẹni tí ó ti dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹjọ́ ni.

A gbọ́ igbe náà. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a yẹ ohun mẹ́ta wò.

Èkíní, ọwọ́ tí ó di ìbọn mú ni fíìmù sábà máa ń fi hàn wá. Ìwé Mímọ́ a máa fi ẹnu tí ó ránni hàn wá pẹ̀lú. Dáfídì kò ta ọfà sí Ùráyà. Ìwé ni ó kọ, ó sì fi ikú Ùráyà rán Ùráyà fúnra rẹ̀. Nígbà tí Ọlọ́run rán wòlíì Nátánì, kò rán an sí àwọn tafàtafà. Ààfin ni ó rán an lọ. Ìjọ Mímọ́ ń kọ́ wa pé ẹni tí ó bá fínnúfíndọ̀ lọ́wọ́ sí ìpànìyàn ru ẹ̀bi rẹ̀: ẹni tí ó san owó, ẹni tí ó yá wọn lọ́kọ̀, ẹni tí ó júwe ilé.

Èkejì, díákónì yìí fi iṣẹ́ àtijọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó bò ó mọ́lẹ̀ ni. Àwọn tí ó pa nígbà náà bí ọmọ. A bí àwọn náà lọ́mọ. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ará ilé wọn bá ṣe ohun tí ó ṣe nítorí Dámilọ́lá, ta ni ìbọn yóò kọ́kọ́ bà? Òun náà ni. Ẹ̀san tí a pàtẹ́wọ́ fún lọ́wọ́ rẹ̀, òun gan-an jẹ ní gbèsè.

Ẹ̀kẹta, nínú fíìmù, olùgbẹ̀san mọ ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́. Ní ilẹ̀ Plateau níhìn-ín, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, a ti rí i pé ẹ̀san kì í béèrè orúkọ. Aṣọ ni ó ń wò, èdè ni ó ń gbọ́. Ọmọ tí a rán lọ ra nǹkan lọ́jà a sì fi ẹ̀mí rẹ̀ san gbèsè tí kò jẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí àwọn ọmọ bá ń wo irú fíìmù báyìí, ẹ má kàn pa ẹ̀rọ kí ẹ sì wọlé lọ. Ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n pé: ta ni ó ránṣẹ́ ikú yìí? Ta ni yóò sunkún ẹni tí ó ṣubú yẹn? Ẹ̀yin tí ẹ rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí aládùúgbò yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹjọ́ rẹ̀ kú. Ẹ tọ agbẹjọ́rò lọ, ẹ tọ àlùfáà yín lọ, ẹ má dá a dá a. Àwọn àgbà ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí a tó lè gbàgbé, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ọ́ ní gbangba.

Bí ó bá sì ṣe pé láàrin ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa, ẹnìkan wà tí a ti rán rí, tàbí tí ó ti ránni rí, a kò mọ̀ ọ́, a kò sì béèrè orúkọ rẹ̀. Ilé ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ṣí sílẹ̀, èdìdì sì wà lẹ́nu àlùfáà. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ìrònúpìwàdà kò parí sí orí ìkúnlẹ̀. Ìdílé kan wà níbìkan tí ó ń dúró de òtítọ́ àti àtúnṣe. Ọ̀nà náà le, Kristi yóò sì bá a rìn ín.

Kí Ọlọ́run Olódùmarè bù kún yín, Baba, àti Ọmọ, àti Ẹ̀mí Mímọ́. Àmín.