Ẹ Fún Ọmọ Ní Irúgbìn Tirẹ̀

Ẹ̀yin ará Adja-Ouèrè, ẹ̀yin ará Ikpinlè, Massè, Kpoulou àti gbogbo abúlé tó yí wa ká, ọ̀rọ̀ irúgbìn ni mo bá wá lónìí, ẹ̀yin òbí ni mo sì fẹ́ bá sọ ọ́.

Bí kò bá sí ilé-ìwé, a máa ń mú ọmọ lọ sóko. Á bá wa gbìn, á bá wa kórè. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí a kì í sábà pè é sí: ṣíṣa irúgbìn. Ìyá àgbà á jókòó sẹ́yìn ilé, á máa yọ èyí tí kòkòrò ti lu, á ya èyí tó yọ̀mù sọ́tọ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ wà nítòsí, à ń rán an lọ pọnmi. Bí ìyá àgbà bá lọ, ìmọ̀ ọwọ́ rẹ̀ á bá a lọ. Ó ń dùn mí.

Òjò wa méjì ni: ti àkọ́kọ́ láti oṣù kẹta dé oṣù keje, èkejì láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kọkànlá. Ẹ̀yin náà rí i pé kò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́. Á rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a ó sáré gbìn, ọ̀dá á sì jó èéhù mọ́lẹ̀. Epo rọ̀bì, èédú inú ilẹ̀ àti gáàsì tí gbogbo ayé ń sun ló ń mú ayé gbóná. Ìwọ̀nba ni tiwa nínú rẹ̀, síbẹ̀ oko wa ló ń jìyà. Ẹni tó ti gbin gbogbo irúgbìn tó ní, kí ni yóò fi tún un gbìn?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ ní irúgbìn tirẹ̀ tí yóò máa tọ́jú. Ẹ̀wà ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àgbàdo. Atẹ́gùn máa ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó àgbàdo láti oko ẹlòmíì wá sínú tiwa, irú á sì dàpọ̀. Òdòdó ẹ̀wà kì í sábà dúró de atẹ́gùn, ìyẹ̀fun inú ara rẹ̀ ló fi ń so kí ó tó là tán. Irú tí ọmọ bá gbìn náà ni yóò kó. Ẹ̀wà ayárapọ́n mìíràn kì í ju nǹkan bí 70 ọjọ́ lọ. Nígbà tó bá ń tanná, ẹ jẹ́ kí ọmọ rọra hú gbòǹgbò kan, kó sì la àwọn kókó wẹ́wẹ́ ara rẹ̀. Bí inú wọn bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ilẹ̀ ń jàǹfààní nìyẹn: àwọn ohun alààyè tí ojú kò rí ló ń fa nàìtírójìn inú afẹ́fẹ́ wá bọ́ ẹ̀wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó gbin òtílí sí etí oko. Gbòǹgbò rẹ̀ jìn, ó ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí nǹkan mìíràn ti gbẹ.

Àwọn onímọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ lórí irúgbìn. Wọ́n ti ń ṣèwádìí ọ̀pẹ ní Pobè nítòsí wa láti 1922. Ní Ìbàdàn, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 tọ́jú irú ẹ̀wà tó lé ní 15,000 sínú yàrá tútù. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà inú yàrá tútù kò rí òjò wa, kò mọ ilẹ̀ dúdú Massè. Èyí tí à ń gbìn lọ́dọọdún ló ń bá wọn mọra. Ní 2017 ni ìjọba àti PAM, àjọ oúnjẹ àgbáyé, bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ fún ọmọ ilé-ìwé. Inú mi ì bá dùn kó jẹ́ ẹ̀wà tí ọmọ mọ orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìkòkò náà.

Nígbà ìkórè, kí ọmọ fi òwú sàmì sí ìdí ẹ̀wà tó so jù, tí àrùn kò kàn. Kó sá ẹ̀wà tó bá ká níbẹ̀ títí tí yóò fi dún kà lẹ́nu, kó po eérú tí a jọ̀ mọ́ ọn, kó rọ ọ́ kún ìgò gbígbẹ dé ẹnu, kó dé e pa. Kòkòrò inú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí.

Kí òjò tó padà, kó ka hóró 10 sínú aṣọ tútù, kó gbé e sábẹ́ ibòji, kó máa wọ́n omi sí i. Kó tú u ní ọjọ́ karùn-ún. Bí 8 bá hù, ó dára. Bí ó bá jẹ́ 5, kó fi hóró kún ojú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ tètè lọ tọrọ lọ́wọ́ aládùúgbò, kí ẹ sì mú ọmọ náà dání, kó fúnra rẹ̀ béèrè irú tí ó jẹ́ àti ìgbà tí wọ́n ń gbìn ín.